Orúkọ Màmí Lẹ́yìn Ìwé

Mo ṣì máa ń lọ gbọ́ àwọn olórin níbi tí èrò ò ti pọ̀. Ní Lekki tòní, irú ibẹ̀ kò wọ́n: yàrá kan lẹ́yìn ilé oúnjẹ, òkè ilé kan tí wọ́n to ogójì àga sí, ọgbà ẹnìkan tí wọ́n so iná wẹ́wẹ́ mọ́ igi inú rẹ̀. Èèyàn á fi fóònù sanwó, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lọ́wọ́, á wọlé lọ jókòó síbi tó ti lè rí òógùn iwájú orí olórin. Èmi nìkan ni mo máa ń lọ. Àwọn ọmọ mi ní orin tí mo fẹ́ràn ti gbó jù, ọkọ mi ní ẹ̀yìn òun ò gba àga oníke fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ojú mi kì í sì í kúrò lára àwọn elégbè. Gbogbo èèyàn ń wo olórin, èmi ń wo àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mò ń wá ọkùnrin kan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé bó bá ṣì wà láyé, ó ti di arúgbó, kò sì sí ohun tó máa wá ṣe láàárín àwọn ọmọdé wọ̀nyí. Mo ṣáà ń wò.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Jakande là ń gbé, ní Ìlàsàn, nínú fúláàtì oníyàrá méjì ní òkè pátápátá. Bí mo bá di ojú mi báyìí, etí ni mo fi ń rántí ilé náà. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì á ti máa kan ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tírélà oníyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú títì, tí gíláàsì fèrèsé wa á máa gbọ̀n; lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Abúlé kan létí ọ̀sà ni wọ́n ti bí Màmá Àgbà, ibẹ̀ ló ti ń yan ẹja títí wọ́n fi da yanrìn bo etí omi wọn, tí àwọn olówó sì kọ́lé sórí rẹ̀. Ó wá kó irin ìyanja rẹ̀ tọ̀ wá wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, èéfín rẹ̀ sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti gbogbo ayálégbé. Bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn, á ní kí ẹni tí kò fẹ́ èéfín máa jẹ ẹja ní tútù. Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ le débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó bá ń bá wọn wí. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni ẹ̀wà ṣíṣà, ilẹ̀ gbígbá, àti lílọ aṣọ Dádì. Bí mo bá sì ti ṣẹ̀ tí mo ń wí àwíjàre, Màmá Àgbà á tẹjú mọ́ mi, á ní, “Ẹyin lohùn, Tinú. Bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.”

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọjọ́ wa. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹ ìrẹsì, èmi àti Dádì àti Màmí á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ajah, ní Ọgbà Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọgbà tàn yín o. Ilẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ni, tí wọ́n fi páànù bo apá kan rẹ̀, tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń ta ẹja ata àti mínírà. Bí àga ibẹ̀ bá pé ogójì, a jẹ́ pé wọ́n ti yá mẹ́wàá lọ́wọ́ ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aago mẹ́rin ni orin ń bẹ̀rẹ̀, oòrùn ò sì ní tíì wọ̀ tí wọ́n á ti máa palẹ̀ mọ́, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ló ní iṣẹ́ ìkọ́lé láàárọ̀ Mọ́ńdè: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, àwọn tó ń po kọnkéré, tí wọ́n ti Ọ̀ṣun àti Ìbàdàn wá. Àwọn apẹja díẹ̀ náà máa ń wà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ìjọba bíi Dádì. Múfú Ológìtá ló ń kọrin fún wọn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n kọjá Ẹ̀pẹ́. Gìtá kan, àgídìgbo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì, elégbè mẹ́ta, ó tán. Àwọn èèyàn rò pé Dádì ló fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmí ni. Iwájú gan-an ló máa ń jókòó sí, á máa bá wọn gbè, kò sì mọ ohùn orin rárá. Múfú á dá gìtá dúró, á ní kí ìyàwó Bàbá Tinú jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun ráyè ṣiṣẹ́ òun, gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti yó, orí itan Màmí ni mo máa ń gbé orí lé. Ara itan rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ àgídìgbo.

Ọgbà náà ní àṣà kan tí mi ò tíì rí níbòmíràn láti ìgbà náà. Kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn, olúkúlùkù á fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ síwájú. Iwájú ìwé náà ni orúkọ àwọn tó wà láàyè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti àwọn tó ti lọ. Múfú á kọ́kọ́ fi orin kí àwọn tiwájú, ìjókòó á dáhùn pé, “Ẹ̀mí wọn á gùn.” Lẹ́yìn náà wọ́n á yí ìwé padà, gìtá á rẹlẹ̀, á pe àwọn tẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjókòó á sì dáhùn pé, “Ó dàárọ̀ o.” Ojú Múfú ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú àwọn elégbè, ló ń ka orúkọ sí i létí. Bíríkìlà ni Kàmọ́rù, ó ti lé lógójì ọdún, sìmẹ́ńtì kì í tán láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti Múfú fúnra rẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń kọ ìwé tiwa. Dádì ní ọwọ́ òun dà bí ibi tí adìyẹ tú, ó sì ń yangàn pé mo gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ nílé ẹ̀kọ́. Ìwé kan náà la máa ń lò títí yóò fi gbó. Bí wọ́n bá ti kà á tán, Kàmọ́rù á mú un wá fún mi, á ṣẹ́jú sí mi. Orúkọ Màmí ò sí nínú rẹ̀ rí. Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó jókòó síwájú?

Ẹsẹ̀ Màmí ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ni èémí ò tó o mọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa, á jókòó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé òkè. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi rò pé ó ń yìn ín ni. Nígbà tó yá, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Fàráńdà ni wọ́n tẹ́ nǹkan sí fún un, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá, ibẹ̀ ló ń wà látàárọ̀. Ó ní kí Dádì má torí òun pa Sọ́ńdè tì, kí ó lọ gbọ́ ọ wá fún òun. Dádì wá ra rédíò kékeré tó ń gba ohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Orí orúnkún ló máa ń gbé e lé, kò ní mira títí orin á fi parí. Màmí á wá gbọ́ ọ látìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè títí di Sátidé. Kì í ṣe orin nìkan ló ń gbọ́ níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ìgò tó ṣubú, ó ń gbọ́ ẹni tó wúkọ́, á pè mí pé, “Tinú, ta ló ń rẹ́rìn-ín báyìí?” Èmi á sì sọ ẹni tó jẹ́, àti aṣọ tó wọ̀, àti ibi tó jókòó sí.

Sọ́ńdè kan wá dé tí Dádì ní kí n fi orúkọ Màmí kún ìwé, kí gbogbo ìjókòó lè bá wa ṣe àmín sí i. Kẹ̀kẹ́ ti ń dúró nísàlẹ̀. Iwájú ìwé ti kún, torí pé Dádì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yí ìwé padà. Orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀, ti bàbá Dádì àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ààyè sì pọ̀ nísàlẹ̀ wọn. Mo mọ ohun tí ẹ̀yìn ìwé túmọ̀ sí. Mi ò ní parọ́ pé mi ò mọ̀. Mo mú rúlà, mo fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ àwọn òkú, bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa pé kí á máa fi ìlà ya ìṣirò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà gàdàgbà pé: Rónkẹ́ Àdùkẹ́, ìyá Tinú. Ó dá mi lójú pé ẹni tó bá rí ìlà náà á mọ̀. Bí mo bá ní kí Dádì fún mi níwèé tuntun, kíá ni ì bá ya á. Ṣùgbọ́n mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti pọ́n bí ìpẹ̀kun búrẹ́dì, mo sì fẹ́ kó tètè jáde kó tó wo dígí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nítorí kọ́là ẹ̀wù ni.

Wọ́n ka iwájú ìwé wa, mi ò gbọ́ orúkọ Màmí, mo sì rántí pé ẹ̀yìn ló wà. Kàmọ́rù yí ìwé padà. Gìtá rẹlẹ̀. Múfú pe bàbá Dádì, wọ́n dáhùn. Ó pe ẹ̀gbọ́n Dádì, wọ́n dáhùn. Kàmọ́rù tún fẹnu sí i létí, Múfú sì na ohùn rẹ̀ bó ṣe máa ń nà án fún òkú, ó ní, “Rónkẹ́ Àdùkẹ́, ìyá Tinú.” Gbogbo ọgbà dáhùn pé, “Ó dàárọ̀ o.” Dádì náà bá wọn dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Mo ń wò ó nígbà tó yé e. Ó dìde, rédíò já bọ́ lórí orúnkún rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò pariwo: “Ìyàwó mi wà láàyè.” Ọwọ́ Múfú dúró lórí okùn gìtá. Kàmọ́rù ń wo ìwé náà bí ẹni tí kò rí lẹ́tà rí. Dádì mú mi lọ́wọ́, a jáde, a ò sì rántí gba ìwé wa.

Nígbà tí a délé, Dádì sọ fún Màmí pé bátìrì rédíò ti tán, òun ò rí nǹkan kan gbà sílẹ̀. Màmí ní ṣebí àná ló ra bátìrì tuntun. Màmí wò mí, èmi wo ilẹ̀, kò sì bi wá léèrè mọ́. Ilé ìdáná ni Dádì ti sọ ọ́ fún Màmá Àgbà. Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè ṣèèṣì kó alààyè mọ́ òkú, pé ẹni tó kà á mọ ohun tó ń ṣe, ẹnìkan ló rán an. Dádì kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà á láti oṣù mélòó kan, kò sì rí ẹni tó máa bínú sí, kò lè bínú sí ọkàn ìyàwó rẹ̀. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo ń ṣà á lọ. Nígbà tí Màmá Àgbà wo àwo náà, ẹ̀wà tó dára ni mo ń kó dà nù, mo fi èyí tí kòkòrò jẹ sílẹ̀. Ó rò pé àárẹ̀ ló mú mi.

Ní ọjọ́ Tuesday, Dádì gba ibi iṣẹ́ lọ sí Ajah. Ó sọ fún Múfú pé níwọ̀n ìgbà tí Kàmọ́rù bá ṣì wà níbẹ̀, òun ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà mọ́. Àwọn bíi mẹ́rin nínú àwọn tó máa ń wá náà gbè é lẹ́yìn, torí ta ló fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Múfú ní kí Kàmọ́rù lọ sinmi ná. Gbogbo wa la mọ ohun tí “lọ sinmi ná” túmọ̀ sí.

Ọ̀sán Thursday ni Kàmọ́rù wá sílé wa. Dádì wà níbi iṣẹ́, Màmá Àgbà wà nídìí ẹja, èmi àti Màmí nìkan la wà ní fàráńdà. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, sìmẹ́ńtì ti funfun mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé ojúgun. Ó kí Màmí, ó ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, àgbà ọkùnrin yẹn, ó yọ ìwé wa látinú àpò.

“Mà, ẹ wò ó, ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń kà. Ẹ̀yìn ló wà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, I swear. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Tinú. Bí mo bá ti to búlọ́ọ̀kù láti Mọ́ńdè, Sọ́ńdè yẹn nìkan ni mò ń retí.”

Ó rò pé Màmí ti gbọ́. Ibẹ̀ ni Màmí ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gba ìwé náà, ó wo iwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó sì wò ó pẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Kàmọ́rù pé kí ni ìjókòó dáhùn. Kàmọ́rù tẹ orí ba. Màmí ní, “Ó dàárọ̀ ni wọ́n sọ, àbí?” Ó wá sọ fún un pé kó má bínú, pé wọ́n á pè é padà, kí ó lọ fọkàn balẹ̀. Ó ní kí n fún un lómi tútù. Kàmọ́rù mu ún lórí ìdúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ṣẹ́jú sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Màmí ní lẹ́tà mi ti dára sí i. Ó bi mí pé kí ni ìlà tí mo fà wà fún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan kọ́là ẹ̀wù. Nígbà tí mo dé ibi kọ́là, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó fa etí mi, kò fà á le.

“Mi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ,” ó ní. “Ìwọ lo máa sọ ọ́, kó tó di Sọ́ńdè. Ọkùnrin yẹn ń jìyà ohun tí kò ṣe. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Ó ká ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀.

Láàárọ̀ Friday, kó tó di pé mo délé ìwé, èémí Màmí há. Àwọn ọkùnrin ilé wa gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àga oníke, Bíbélì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Erékùṣù Èkó, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Sọ́ńdè tí ó dá fún mi dé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí jù lọ títí dòní ni pé ara tù mí díẹ̀. Ìyá mi ń kú lọ, èmi ń dúpẹ́ nínú pé kò sí nílé láti bi mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mú mi lọ wò ó. Dádì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmí ò lè sọ̀rọ̀, ó wo Dádì, ó wò mí, ó gbé ìpéǹpéjú sókè. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Mo mi orí pé rárá. Ó di ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyá mi bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé àìsàn ọkàn ló pa Màmí, orin kọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Kàmọ́rù ló pa ìyàwó ọmọ òun, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹja. Èmi ń gbọ́, mo ń di ẹja fún wọn sínú ìwé ìròyìn. Ẹyin náà ti fọ́, mo sì dúró lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Ó di Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ogójì ọjọ́ Màmí. Dádì ní kí n múra, à ń lọ sí Ajah. Mo lọ mú ìwé àti bírò, mo jókòó sí tábìlì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń dúró kó máa pè é fún mi. Ó yọ ìwé àtijọ́ náà látinú àpò ẹ̀wù, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ó ti gbó lójú ibi tí wọ́n ká a sí. Inú Bíbélì tí wọ́n kó fún un ní ọsibítù ló ti rí i.

Mo ní, “Dádì, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Mo mọ lẹ́tà rẹ, Tinú.” Ó jókòó tì mí. Ó ní òun ti wá Kàmọ́rù lọ sí Ajah lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó ń bá a gbé ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé àwọn kan lọ síbi iṣẹ́ lọ́nà Ìbẹ̀jú, wọn ò mọ ibi tó wà gan-an. “Èmi ni mo lé e,” ó ní. “Ìwọ kọ́.” Ó fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ní kó má gbà á. Mo ṣí bírò, mo bi í pé orúkọ Màmí ńkọ́, níbo ni kí n kọ ọ́ sí. Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó dé e.

“Ó ti wà níbẹ̀,” ó ní.

Iwájú la jókòó sí, àga Màmí wà láàárín wa, ìgò mínírà kan wà lórí rẹ̀. Géńdé kan tí mi ò mọ̀ ló ń ka orúkọ sí Múfú létí, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń kọsẹ̀ lórí lẹ́tà mi. Wọ́n ka iwájú, wọ́n yí i padà. Gìtá rẹlẹ̀. Bàbá Dádì. Ẹ̀gbọ́n Dádì. Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ dúró níbi ìlà tí mo fà. Múfú na ohùn, ó ní, “Rónkẹ́ Àdùkẹ́, ìyá Tinú.” Gbogbo ọgbà dáhùn. Mo wo Dádì, ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Mo dúró dè é títí àwọn yòókù fi dákẹ́, nígbà tí mo rí i pé kò ní lè sọ ọ́, mo bá a sọ ọ́.